Bí A Ṣe Ń Yan Lẹ́ńsì Súùmù Gígùn fún Iṣẹ́ Fọ́tò ní Èkó

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ọlọ́jà ní Computer Village, Ìkẹjà, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra lẹ́ńsì súùmù gígùn ni pé, "Ṣé ó máa fa ohun tó jìnnà mọ́ra dáadáa?" Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ní ìlú Èkó, níbi tó jẹ́ pé ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ àti ayẹyẹ ọjọ́ ìbí inú gbọ̀ngàn ló ń mówó wọlé fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa, ìmọ́lẹ̀ tí lẹ́ńsì lè gbà wọlé ṣe pàtàkì ju ibi tí ó lè nà dé lọ. Ẹni tó bá fi gígùn nìkan ra lẹ́ńsì lè bá ara rẹ̀ níbi tí ojú ìyàwó ti kún inú fọ́tò lóòótọ́, síbẹ̀ tí ojú náà kò mọ́. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ti ní kámẹ́rà tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, tí kò sì tíì mọ èyí tí òun yóò mú láàárín 70-200mm f/2.8, 70-200mm f/4, 70-300mm àti àwọn ìbátan wọn (ìgbésẹ̀ kejì á túmọ̀ àwọn nọ́ńbà yìí).

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ yẹ àwọn fọ́tò tí ẹ ti yà wò

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ kó fọ́tò àwọn iṣẹ́ tí ẹ ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí síwájú. Gbogbo fọ́tò tí kámẹ́rà bá yà ló máa ń kọ bí ó ṣe yà á pa mọ́ sínú ara rẹ̀. Lórí Windows, ẹ tẹ apá ọ̀tún máòsì lórí fọ́tò náà, ẹ lọ sí Properties, kí ẹ sì ṣí Details. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí gígùn lẹ́ńsì ní mílímítà, nọ́ńbà f, ìyára ṣọ́tà (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà fi gba ìmọ́lẹ̀) àti ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ga tó). Ẹ fi bébà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa kọ wọ́n sílẹ̀ fún àwọn fọ́tò tí oníbàárà fẹ́ràn, kì í ṣe fún gbogbo ohun tó wà nínú káàdì.

Ohun méjì ni ẹ ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́ńsì 18-55mm ni ẹ ń lò, tí púpọ̀ nínú fọ́tò náà sì wà ní 55mm, tí ẹ tún gé etí wọn kúrò kí ojú èèyàn tó tóbi, a jẹ́ pé ẹ nílò lẹ́ńsì gígùn lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ pé láàárín 24mm sí 35mm ni gbogbo wọn wà, owó lẹ́ńsì gígùn yìí á wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ bá fi ra fíláàṣì tàbí lẹ́ńsì mìíràn, ẹ má sì jẹ́ kí ohun tó wà lọ́rùn onífọ́tò ẹgbẹ́ yín tàn yín jẹ. Ohun kejì ni ISO àti ìyára ṣọ́tà: tí ISO bá ń dé 6400 lemọ́lemọ́, tí ìyára sì ń já sí 1/60 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìṣòro yín kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, ìmọ́lẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì

Lẹ́ńsì tí wọ́n kọ 70-200mm sí lára máa ń lọ láti 70 dé 200 mílímítà. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tí ẹ ń wò á máa tóbi sí i, tí ibi tó wọ inú fọ́tò á sì máa dín kù. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé f sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe tóbi tó, ó sì ń ṣiṣẹ́ sódì: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò á tóbi tó. Lẹ́ńsì f/4 ń gba ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí f/2.8 ń gbà, f/5.6 sì ń gba ìdá mẹ́rin rẹ̀ péré.

Tí ẹ bá rí nọ́ńbà f kan ṣoṣo, bíi f/2.8, ihò náà kì í dín kù bí ẹ bá súùmù. Tí ẹ bá rí méjì, bíi f/4-5.6, èyí àkọ́kọ́ ni ẹ ó rí ní ibi tó kúrú jù, èyí ìkejì ni ẹ ó sì rí ní ibi tó gùn jù, níbi tó jẹ́ pé ẹ nílò ìmọ́lẹ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń fi ìka bo apá yìí nínú àlàyé wọn.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá kámẹ́rà yín jẹ́ full frame, tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ tóbi, tàbí èyí tí a ń pè ní crop, tí ojú tirẹ̀ kéré sí i. Lára crop, Canon ń mú kí lẹ́ńsì dà bí ẹni pé ó gùn ní ìlọ́po 1.6, Nikon àti Sony ní ìlọ́po 1.5. Lẹ́ńsì 55-250mm lára Canon crop á tipa bẹ́ẹ̀ fi ohun tí 400mm yóò fi han ẹni tó ń lo full frame hàn yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wọn ibi tí ẹ máa ń dúró sí

Ìṣirò kékeré kan wà tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ àròsọ. Ká ní ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóòró, tí ẹ sì fẹ́ kí ẹni tó dúró kún fọ́tò láti orí dé ẹsẹ̀ pẹ̀lú àyè díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mítà méjì. Ẹ fi 2 sọ gígùn lẹ́ńsì di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 36 tó bá jẹ́ full frame, sí 24 tó bá jẹ́ crop ti Nikon tàbí Sony, tàbí sí 22 tó bá jẹ́ crop ti Canon. Ohun tó bá jáde ni iye mítà tí ẹ ó fi jìnnà sí ẹni náà. Ní 200mm lórí full frame, ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 11. Lórí Canon crop, ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 18. Ní 70mm lórí full frame, kò pé mítà 4, àmọ́ ó lé ní mítà 6 lórí Canon crop. Tó bá jẹ́ láti àyà dé orí nìkan ni ẹ fẹ́, ẹ pín èsì náà sí méjì.

Nọ́ńbà 70mm tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kékeré. Nínú ilé kan ní Mushin tàbí Ṣómólú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìkómọ ní pálọ̀, kò sí ibi tí ẹ ó fẹ̀yìn tì tó mítà 6, nítorí náà lẹ́ńsì 70-200mm lára kámẹ́rà crop á kàn wà nínú báàgì ni. Gbọ̀ngàn ńlá ní Ìkẹjà tàbí Victoria Island yàtọ̀: láti ẹ̀gbẹ́ ìjókòó dé orí pèpéle lè jẹ́ mítà 10 sí 20, ibẹ̀ sì ni 70-200mm ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn kò bá jẹ́ kí onífọ́tò kọjá ìlà ìjókòó kan, tó jẹ́ láti mítà 20 ni ẹ ó ti ya ìgbà tí wọ́n ń fi òrùka sí ara wọn lọ́wọ́, 200mm lórí crop á fún yín ní odindi èèyàn, àmọ́ lórí full frame èèyàn náà á kàn gba nǹkan bí ìdajì fọ́tò.

Bọ́ọ̀lù ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pápá tó pé ìwọ̀n jẹ́ nǹkan bíi mítà 105 ní gígùn àti 68 ní ìbú. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ilé gòólù ní Teslim Balogun Stadium ní Sùúrùlérè, tàbí ní Mobolaji Johnson Arena ní Oníkàn, tó sì fi 200mm wo agbábọ́ọ̀lù tó wà ní mítà 50, á rí i pé ẹni náà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta fọ́tò lọ lórí Canon crop, kò sì tó ìdá márùn-ún lórí full frame. Pẹ̀lú 200mm, ẹ ó rí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ìdajì pápá tó sún mọ́ yín. Fún ìyókù, 300mm sí 400mm ló yẹ.

Ìrìn Èyọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ojúmọmọ ni, agbádá funfun ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, èrò pọ̀, kò sì sí àyè láti pààrọ̀ lẹ́ńsì láàárín ọ̀nà. Ẹgbẹ́ ọ̀nà ni onífọ́tò máa ń wà, Èyọ̀ kan lè wà ní mítà 5, òmíràn ní mítà 30 tó ń ju ọ̀pámbàtà sókè. Lẹ́ńsì 70-300mm tí kò wọ́n ló yẹ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fúyẹ́ lọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ibi iṣẹ́ yín pinnu nọ́ńbà f

Ibí yìí ni owó ti ń pọ̀ sí i, ibí yìí náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Ẹ ya àwòrán gbọ̀ngàn kan sọ́kàn ní aago mẹ́jọ alẹ́: iná aláwọ̀ pupa àti búlúù lórí pèpéle, àárín gbọ̀ngàn ṣókùnkùn, tọkọtaya ń jó bọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ń ná owó lé wọn lórí. Kí ọwọ́ àti orí tó ń jó má bàa fà nínú fọ́tò, ìyára ṣọ́tà kò gbọ́dọ̀ dín sí 1/250. Ká ní ní f/2.8, ISO 3200 ló máa fún yín ní 1/250 yẹn. Tí ẹ bá gbé lẹ́ńsì tó jẹ́ f/5.6 ní 200mm dé ibi kan náà, ọ̀nà méjì ló kù fún yín: ẹ gbé ISO lọ sí 12800, kí awọ ara èèyàn kún fún àmì wínníwínní, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ìyára já sí 1/60, kí gèlè ìyá ìyàwó sì di òjìji. Lẹ́ńsì f/4 wà láàárín: ISO 6400 ní 1/250, èyí tí kámẹ́rà full frame òde òní lè gbé láìlàágùn, àmọ́ tó máa ń jẹ́ wàhálà fún crop àtijọ́.

Àwọn kan á ní fíláàṣì á dí àlàfo yìí. Ó lè dí i nítòsí, àmọ́ agbára fíláàṣì máa ń já sí ìdá mẹ́rin ní gbogbo ìgbà tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, àjà ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ńlá wa sì ga débi pé ìmọ́lẹ̀ tí ẹ jù sókè kò ní padà wá. Ní mítà 15, ẹ ó kàn máa jẹ bátìrì lásán ni.

Ẹ̀rọ amúdúró inú lẹ́ńsì náà kì í ṣe arọ́pò f/2.8 níbi ijó. Canon ń pè é ní IS, Nikon ní VR, Tamron ní VC, Sony ní OSS. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba gbígbọ̀n ọwọ́ onífọ́tò mọ́ra. Àṣà àtijọ́ ni pé kí ìyára má dín sí ìdá kan lórí gígùn lẹ́ńsì, ìyẹn 1/200 fún 200mm, amúdúró sì lè jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé 1/50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ohun tí ẹ ń yà bá dúró jẹ́ẹ́. Ó dára gan-an fún ìwàásù, fún ọ̀rọ̀ alága ìjókòó, fún ẹni tó ń ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé. Kò lè dá ẹsẹ̀ oníjó dúró.

F/2.8 náà ní tirẹ̀. Ní 200mm lórí full frame, tí ẹni tí ẹ ń yà bá wà ní mítà 5, ibi tó mọ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ń mú kí ohun tó wà lẹ́yìn ìyàwó yọ́ lẹ́wà, kí àwọn àga oníke tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì pòórá, àmọ́ tí ọkọ bá fi ìgbésẹ̀ kan wà lẹ́yìn, ojú tirẹ̀ kò ní mọ́. Fún ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí tí wọ́n tò ní ìlà méjì, ẹ máa dín ihò náà kù sí f/5.6 tàbí f/8 ni, níbẹ̀ sì ni lẹ́ńsì olówó gọbọi àti lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ rí i dájú pé kámẹ́rà yín gbà á

EF-S, EF àti RF ni orúkọ oríṣi ẹnu tí Canon fi ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà. Lẹ́ńsì EF-S ti Canon kì í wọ ara kámẹ́rà full frame tó ń lo EF. Lẹ́ńsì RF kì í wọ kámẹ́rà EF rárá, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì EF ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára kámẹ́rà RF tí ẹ bá fi adapter, ìyẹn òrùka tó ń so wọ́n pọ̀, sí i, èyí tó jẹ́ kí EF tòkúnbọ̀ ṣì jẹ́ ọjà tó dára fún ẹni tó bá ní lọ́kàn láti sún síwájú lọ sí RF.

Nikon ló máa ń dá ọ̀pọ̀ lágara. Àwọn kámẹ́rà tó wà ní ìdílé D3000 àti D5000 kò ní mọ́tò nínú ara wọn, nítorí náà lẹ́ńsì àtijọ́ bíi AF 80-200mm f/2.8D, tí wọ́n lè tà fún yín ní owó tó wuni, kò ní wá fókọ́ọ̀sì (ibi tí àwòrán ti mọ́ kedere) fúnra rẹ̀ lára wọn. Ọwọ́ ni ẹ ó máa fi yí i. Lódìkejì, àwọn lẹ́ńsì AF-P tuntun kò bá D3100, D3200, D5100 àti D90 ṣiṣẹ́. Ẹ wo orúkọ kámẹ́rà yín lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbé e wò

Canon EF 70-200mm f/2.8L IS III wúwo tó 1,480 g, nígbà tí f/4L IS II jẹ́ 780 g. Ẹ fi lẹ́ńsì àkọ́kọ́ sára kámẹ́rà Canon 5D Mark IV, ohun tó wà lọ́rùn yín ti lé ní kílò méjì, láti àárọ̀ ìdána títí tí wọ́n á fi tú gbọ̀ngàn ká. Sony FE 70-200mm f/2.8 GM II ti ọdún 2021 já a sí 1,045 g, Tamron 70-180mm f/2.8 tó jáde ní 2020 fún Sony sì jẹ́ 810 g péré, àmọ́ kò ní amúdúró nínú. Ti ara kámẹ́rà ni ẹ ó gbára lé, àfi tí ẹ bá ra G2 rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà kejì ti ọdún 2023, tó ní VC.

Ìrísí pẹ̀lú wà níbẹ̀. Canon ń kun àwọn lẹ́ńsì ńlá rẹ̀ ní funfun kí oòrùn má bàa mú wọn gbóná jù, ó sì wúlò lábẹ́ oòrùn tiwa, àmọ́ ní Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà, lẹ́ńsì funfun gígùn ni agbèrò máa kọ́kọ́ rí kó tó rí yín. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbé wá fún wa?" ni ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ jẹ́. Fún iṣẹ́ ojú pópó, lẹ́ńsì dúdú kékeré ní àlàáfíà tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ yan ọ̀kan

Ẹni tó ń fi ìgbéyàwó àti òde alẹ́ jẹun, tó sì ní kámẹ́rà tó dára, 70-200mm f/2.8 ni kó kó owó jọ fún, kódà bó jẹ́ tòkúnbọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ra IS II ti Canon tó jáde ní 2010, tó mọ́, ju kí ẹ ra lẹ́ńsì f/5.6 tuntun nínú páálí. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sán, ọgbà, ṣọ́ọ̀ṣì tó ní fèrèsé ńlá àti fọ́tò ṣáájú ìgbéyàwó ni iṣẹ́ yín, f/4 tó, ó sì máa gba ẹ̀yìn àti àpò yín là. Nígbà tí Canon gbé àwọn méjèèjì tí a mẹ́nu bà ní ìgbésẹ̀ kẹfà (f/2.8L IS III àti f/4L IS II) jáde ní 2018, iye tí wọ́n dá lé wọn ní Amẹ́ríkà jẹ́ $2,099 fún f/2.8 àti $1,299 fún f/4. Bí dọ́là ṣe ń lọ sókè sódò, iye náírà á máa yí, àmọ́ àlàfo tó wà láàárín wọn kì í kéré.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Canon crop, EF-S 55-250mm IS STM ni mo máa ń ní kí wọ́n mú. Ó jẹ́ 375 g, ó ní amúdúró, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń fi 75-300mm III kún kámẹ́rà bí ẹni ń fi èènì kún ọjà. Kò ní amúdúró, kì í mọ́ dáadáa lẹ́yìn 200mm, èmi kò sì ní fi owó mi rà á. Lọ́dọ̀ Nikon, AF-P DX 70-300mm wà ní oríṣi méjì tó jọra bí ìbejì, ọ̀kan ní VR, èkejì kò ní. Ẹ wá àwọn lẹ́tà méjì yẹn lára rẹ̀ kí ẹ tó nájà. Fún bọ́ọ̀lù ọ̀sán àti fún ọ̀bọ Lekki Conservation Centre nígbà tí oòrùn bá wà, RF 100-400mm ti Canon fúyẹ́ ní 635 g, àmọ́ f/8 ló jẹ́ ní 400mm, nítorí náà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá lọ, ẹ dì í sínú báàgì.

Wọ́n tún máa ń fi teleconverter lọ̀ yín, ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà kí lẹ́ńsì lè gùn sí i. Ti 1.4 ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì, ti 2 sì ń dín in kù sí ìdá mẹ́rin. Lẹ́yìn lẹ́ńsì f/2.8, ó ṣeé fara dà lójú oòrùn. Ti 2 lẹ́yìn lẹ́ńsì f/4 máa sọ lẹ́ńsì yín di f/8, ọ̀pọ̀ DSLR (kámẹ́rà tó ní dígí awojú nínú, bíi 5D Mark IV) kò sì ní wá fókọ́ọ̀sì mọ́ níbẹ̀.

Tí ọkàn yín bá ṣì pín sí méjì, ẹ yá èyí tí ẹ rò pé ẹ fẹ́ fún òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń fi lẹ́ńsì háyà, ẹ fi ṣe iṣẹ́ gidi, kí ẹ sì padà sí ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní pẹ̀lú àwọn fọ́tò tí ẹ bá yà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ yẹ tòkúnbọ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ gbé kámẹ́rà yín, káàdì yín àti bátìrì tó kún lọ sí Ìkẹjà, ní ọ̀sán, nígbà tí ẹ kò kánjú. Ẹ tú lẹ́ńsì náà sílẹ̀, ẹ ṣí ìdérí iwájú àti ti ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ Nikon tó ní irin kékeré lẹ́yìn tó ń ṣí ihò, ẹ fi ìka rọra tì í kí ihò lè ṣí tán. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ẹ máa wo inú rẹ̀ láti iwájú, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Eruku á hàn bí àmì funfun kéékèèké tó dá dúró. Díẹ̀ nínú rẹ̀ kò ní hàn nínú fọ́tò kankan. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ẹ ń wá, ó sì máa ń hàn bí okùn aláǹtakùn tó bẹ̀rẹ̀ láti etí dígí, tó ń ya ẹ̀ka lọ sí àárín. Tí gbogbo dígí bá rí bí ìgbà tí èèyàn mí sí i, tí kò sì kúrò, ìkùukùu ti wọ inú nìyẹn, àwọn ojú tí ẹ bá yà pẹ̀lú iná lẹ́yìn á máa ṣú.

Ọmọ ọjà lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, eruku lásán ni, tí ẹ bá nù ún á lọ." Ẹ fi aṣọ nu iwájú àti ẹ̀yìn níṣojú rẹ̀, kí ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ̀ka náà bá ṣì wà níbẹ̀, inú ló wà, ẹ rọra dá a padà fún un: "Àbúrò, ẹ ṣeun, ẹ bá mi wo òmíràn." Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dínwó ra lẹ́ńsì tó ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, nítorí owó tí ẹ ó fi tú u palẹ̀ fún fífọ̀ lè kọjá ohun tí wọ́n dín fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn síkúrúù kéékèèké tó wà lẹ́yìn. Tí orí wọn bá ti ha, ẹnìkan ti tú u rí, ẹ béèrè ìdí. Ẹ fi lẹ́ńsì sára kámẹ́rà, kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ yí súùmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ gbọ́ bóyá iyanrìn ń họ nínú rẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ kọ pátákó ìpolówó tó wà ní òdìkejì títì, kí ẹ ya á ní 70, ní nǹkan bíi 135 àti ní 200, ní ihò tó ṣí jù lọ àti ní f/8, kí ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà láti fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra. Tí igun ọ̀tún bá mọ́, tí tòsì sì ṣú ní gbogbo ìgbà, dígí kan ti yẹ̀ nínú rẹ̀, bóyá nítorí pé ó jábọ́ rí. Tí Canon yín bá kọ Err 01 nígbà tí ẹ bá dé f/8, kámẹ́rà àti lẹ́ńsì kò gbọ́ ara wọn yé. Ẹ nu àwọn irin wúrà ẹ̀yìn rẹ̀, tó bá tún kọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ dán amúdúró wò pẹ̀lú: ẹ lọ sí 200mm àti 1/30, ẹ ya mélòó kan pẹ̀lú IS ní títàn, mélòó kan ní pípa. Ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì. Ìró kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dára, kíké kì í ṣe ohun tó yẹ. Nígbà tí ẹ bá gbà á, kí nọ́ńbà tó wà lára lẹ́ńsì wà nínú rìsíìtì, kí ẹ sì jọ kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà síbẹ̀, nítorí àdéhùn ẹnu lásán máa ń di àríyànjiyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ dáàbò bò ó lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ Èkó

Ọ̀rinrin Èkó ló ń bí fọ́ńgọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe jẹ́ kí lẹ́ńsì sùn nínú báàgì aláwọ tàbí onífóòmù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìlò ó. Àpótí oníke tó ní rọ́bà létí, tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, pẹ̀lú àwọn àpò silica gel (hóró tó ń fa omi mu) nínú rẹ̀ àti ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, ti tó. Kí nọ́ńbà náà wà láàárín 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Silica gel tó jẹ́ búlúù máa ń di pupa rúsúrúsú nígbà tó bá ti kún fún omi, ẹ sì lè yan án gbẹ lórí iná kékeré kí ẹ tún un lò.

Nígbà ọyẹ́, àwọn lẹ́ńsì tó ń yọ síta bí ẹ bá súùmù, bíi 70-300mm, máa ń fa eruku wọlé ju 70-200mm f/2.8 EF tí gígùn ara rẹ̀ kì í yí lọ. Tí ẹ bá sì ti ń bọ̀ láti inú mọ́tò tàbí gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù gan-an, ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì wà nínú báàgì tí ẹ tì pa fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó ṣí i níta, kí dígí má bàa bò fún omi nígbà tí ìyàwó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú mọ́tò.